Ta Ni Yóò Sọ Fún Bọ̀ọ̀dá Mi?

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lórí tábìlì tó ti ń lọ gíláàsì awò ojú, ló jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, tó fi bírò dúdú kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé. Ìkọkànlá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun sórí gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ẹni tó bá kọ́ ọ, yóò wó o láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Gbogbo onílé méjìlélọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i. Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì kó dé inú ọgbà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ará ilé nígbà tí òkò ṣì wà lọ́wọ́?

Alága ni gbogbo ọgbà ń pe obìnrin yìí. Iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe. Ẹni tí ò bá rí ìwé kà mọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níta géètì ló ń gbà lọ. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún, iṣẹ́ kejì á bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún un. Iná ojú ọ̀nà wo ló kú? Ta ló kàn láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà? Ajá ta ló ń gbó láti àárọ̀? Ọwọ́ ara wọn ni àwọn onílé yìí fi ń tún ọgbà wọn ṣe, wọn ò gba ilé iṣẹ́ kankan, Alága sì ni ọwọ́ ọ̀tún wọn. Lọ́jọ́ tí géètì wó lulẹ̀, wákàtí méjì péré ni òun àti àwọn mẹ́rin kan fi gbé e dìde padà. Títí dòní, ó ṣì máa ń fi í yangàn.

Ilé kẹsàn-án ni wàhálà ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Òun náà ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ra ilé náà lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí ọmọ ìyá méjì lè máa gbúròó ara wọn. "Bọ̀ọ̀dá mi" ni Alága ń pè é. Ẹ̀gbọ́n Alága ni gbogbo àwọn tó kù ń pè é. Nígbà tí bàbá wọn kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Alága, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó pa ìwé tì, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó, owó ibẹ̀ ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀, tó tún fi rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ náà ni ayùn gé orí ìka àárín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Kò fìgbà kan sọ ọ́ sí i lójú. Ì bá sọ ọ́ sí i lójú lẹ́ẹ̀kan, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá fúyẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ti ń kan àga fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní kó máa lọ sílé. Oṣù méjì gbáko ló fi jókòó sójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó ti lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Alága lọ kí i, ó bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, òógùn bò ó, ó ń súfèé. Ó ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó sì gbẹ́ ẹ gba orí gọ́tà kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí, wá wò ó!" ó ní. "Mo ti ri páìpù sí i kí omi lè máa ráyè lọ. Ibí yìí ni tábìlì iṣẹ́ máa wà. Fèrèsé rèé. Báwo lo ṣe rí i?"

Alága wo páìpù náà. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òfin ìkọkànlá ń lù ú nínú orí bí agogo. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀rín lójú ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín láti oṣù méjì.

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi," ló sọ.

Gbólóhùn yẹn ló wá di eegun ẹja sí i lọ́fun.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Télọ̀ àgbà tó ń gbé ilé keje, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fara kan ti ẹ̀gbọ́n Alága, wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní síkúrù awò ojú òun ti tú. Alága dè é, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bàbá náà ò dìde.

"Alága, omi wọ yàrá ẹ̀yìn mi lánàá. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá."

"Ọmọbìnrin mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ẹ mọ̀. Yàrá yẹn ló ń sùn."

"Mo mọ̀, bàbá. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Télọ̀ wọ awò ojú rẹ̀, ó fi wo Alága dáadáa. "Mi ò wá bá yín jà o. Ẹ̀yin náà mọ ibi tó ti ń wá. Kò tọ́ sí mi láti dárúkọ."

Kí ni Alága ṣe? Ó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì jù ú sínú dúróọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Sí Onílé Kẹsàn-án." Ta ni èèyàn ń kọ "Sí Onílé" sí? Ẹni tó gbé e kọ́rùn lọ sílé ìwé? Òjò kejì rọ̀, ẹ̀kẹta rọ̀, ọmọ Télọ̀ bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnì kan gbé ìkòkò òdòdó sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú tí lẹ́tà Alága fi ti há sílẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn èèyàn rí ìyàtọ̀ náà. Wọn ò kúkú fọ́jú. Òun ló ń ṣe awò ojú fún wọn.

Tíṣà ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Kò pariwo. Ó tẹ ìwé kan, ó fi há ẹnu ọ̀nà gbogbo onílé: ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú gáréèjì òun. Ṣé kí wọ́n máa bá a lọ láti fọwọ́ ara wọn mójú tó ọgbà ni, àbí kí wọ́n gba ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn onílé ṣe é? Ó fúnra rẹ̀ mú ti Alága wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Mi ò sọ pé ẹ ò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí adájọ́ bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, tó tún jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ìṣirò yẹn ò lè jáde."

"Ṣé ẹ̀yin ti bá Bọ̀ọ̀dá mi sọ̀rọ̀?"

Tíṣà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọ́n ń bá mi kan kọ́bọ́ọ̀dù ìwé lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìbínú kàn án."

Bí gbogbo wọn ṣe wà nìyẹn. Télọ̀ ò lè sọ ọ́, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Tíṣà ń retí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń gbé ìdí géètì, ọkùnrin náà ló tún ilẹ̀kùn ilé ìyan búrẹ́dì rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ilé tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé nínú ọgbà náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Gbogbo èèyàn rò pé Alága máa bá Tíṣà fà á. Ohun tó ń tì í lójú ni pé inú rẹ̀ dùn. Jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà wá. Jẹ́ kí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà ìkọkànlá, kó fi òǹtẹ̀ lù ú, kí òun lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n òun kí òun máa ní, "Ẹ ò rí nǹkan, Bọ̀ọ̀dá mi!" Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bí aago ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, gbé ṣíbí dúró lọ́jọ́ náà nídìí oúnjẹ.

"O fẹ́ gba àlejò kó wá bá ẹ bá ẹ̀gbọ́n ẹ wí."

"Ẹ jẹun yín," ni Alága dá a lóhùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ilé iṣẹ́ náà rán aṣojú wá láti wo ọgbà. Obìnrin kan tó máa tó ẹni ogójì ọdún ni, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, fáìlì lábíyá, téèpù ìwọ̀n nínú báàgì. Ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò yọ̀ mọ́ni jù, kò sì rorò. Nígbà tí wọ́n gba ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé dé ibi ìkẹsàn-án, ó dúró.

"Ta ló ni eléyìí, mà?"

Ariwo ayùn ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Káfíńtà kan ni."

"Orí gọ́tà ló kọ́ ọ sí. Ẹ ti kọ̀wé sí i?"

"A máa tó kọ ọ́."

"Eléyìí ò le rárá," aṣojú ní, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì. "Lẹ́tà mẹ́ta. Tó bá kọ̀, a máa wó o, a máa ní kó san owó iṣẹ́. Irú wọn pọ̀, wọn kì í fẹ́ gbọ́ títí tí wọ́n á fi rí òǹtẹ̀."

Irú wọn. Ọ̀rọ̀ náà gún Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Kó tó lanu, ayùn ti dákẹ́, ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ sí wọn, eruku pákó funfun lórí irun funfun.

"Àbúrò mi! Ohùn ẹ ni mo gbọ́. O ò kàn wọlé. Ta lo mú wá?"

Aṣojú wo ọkùnrin náà. Ó yíjú, ó wo Alága. Ó pa fáìlì rẹ̀ dé pẹ̀lẹ́.

"Àlejò ni, Bọ̀ọ̀dá mi. A kàn ń wo àyíká."

"Ẹ wọlé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àbúrò mi yìí ni alága gbogbo ọgbà, ẹ mọ̀? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ni." Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ìka tí kò lórí mọ́ sì wà láàárín.

Alága ò rántí bó ṣe délé lọ́jọ́ náà. Ohun tó rántí ni pé òun pe ọmọ ìyá òun ní káfíńtà kan. Ó ń rò ó nígbà tó ń fi gíláàsì sẹ́nu ẹ̀rọ, gíláàsì méjì sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run ṣú. Alága wọ bàtà, ó ní òun ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ò béèrè ibi tó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fági. Alága kí i, ó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó jókòó, Alága ní òun ò jókòó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣọ́ọ̀bù yìí wà lórí gọ́tà."

"Mo mọ̀. Mo ri páìpù sí i. Mo fi hàn ẹ́."

"Páìpù yẹn kéré, eruku pákó sì ti dí i. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni omi ti ń wọ yàrá tí ọmọ Télọ̀ ń sùn sí. Òun àti ọmọ ọwọ́."

Ọkùnrin náà gbé ìfági sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òfin sì wà. A ò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan síbẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ wó o."

"Ta ló kọ òfin?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà gbọn eruku pákó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga. Ì bá sàn kó ga.

"Ìgbà tí mò ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ojú ẹ wà níbẹ̀. Mo ní báwo lo ṣe rí i. O ní ó dáa."

"Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Ẹ̀rù mi?" Ó wò ó bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí. "Èmi, mo ti nà ẹ́ rí? Mo ti gbé ohùn sókè sí ẹ rí? Télọ̀ ń kí mi láràárọ̀, kò sọ fún mi. Tíṣà ń wá wo kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sọ fún mi. Gbogbo yín jókòó, ẹ ń wò mí tí mò ń fi omi dá ọmọ ọlọ́mọ lóró! Obìnrin tó o mú wá níjẹta, wíwó ló wá wò, àbí?"

Alága sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan.

"Máa lọ sílé ẹ."

"Bọ̀ọ̀dá mi..."

"Mo ní máa lọ."

Ilẹ̀kùn náà pa dé. Pákó gidi ni, òun ló kàn án. Kò dún púpọ̀.

Ní aago mẹ́rin, gáréèjì Tíṣà kún. Àga ẹ̀gbọ́n Alága ṣófo. Tíṣà sọ tirẹ̀, aṣojú sọ tirẹ̀: kí ni ilé iṣẹ́ máa ṣe, ìgbà wo ni wọ́n máa wá, ta ni èèyàn máa pè tí nǹkan bá bà jẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde, ó sán ìró rẹ̀ le.

"Lọ́gbà tí àbúrò mi ń gbé, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é fún wọn. Gílóòbù kan jó, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà lórí ẹ̀. Lẹ́tà! Ṣé gílóòbù mọ̀wé ni?"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Aṣojú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, mà, a máa ń pẹ́ nígbà míì. Ṣùgbọ́n a kì í ṣojúsàájú. A ò mọ ẹnì kankan."

"Ohun témi náà ń sọ nìyẹn," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ ò mọ ẹnì kankan."

Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sórí páànù. Kò fi wínníwínní bẹ̀rẹ̀, ó kàn já lulẹ̀ ni. Wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Gbogbo ojú yí sí Télọ̀, bàbá náà sì ń wo fóònù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ̀ pé ó máa dún. Ó dún.

Ó fi sétí. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ní omi ti gbé àpótí aṣọ ṣubú dí ilẹ̀kùn. Kò lè jáde. Orí tábìlì lòun àti ọmọ wà."

Wọ́n sáré. Àgbà sáré, ọ̀dọ́ sáré, bàtà ń já lẹ́sẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀. Nínú ilé keje, omi ti dé orúnkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kò mì. Fèrèsé ní irin. Ohùn ọmọ ọwọ́ ń ti inú jáde wá, ohùn ìyá rẹ̀ sì ń pe bàbá rẹ̀.

"Omi náà la máa kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ!" Tíṣà kígbe. "Ẹ̀yìn! Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn!"

Bí wọ́n ṣe dé iwájú ilẹ̀kùn ìkẹsàn-án nìyẹn, bí èèyàn ogún, nínú òjò. Ilẹ̀kùn tì. Wọ́n dúró. Títí di àkókò yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà. Ẹnì kan bojú wo aṣojú tó di agboòrùn mú.

"Ẹ ò tíì fọwọ́ síwèé," obìnrin náà ní. "Mi ò láṣẹ kankan níbí."

Alága ti wọn sọ́tùn-ún sósì, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Èmi ni!"

Ó ṣí. Ọkùnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ igbe ọmọ tó ń gba orí ògiri wá. Ó wọlé, ó gbé òòlù ńlá kan jáde àti dígà méjì. Ó na òòlù sí Tíṣà.

"Ìwọ tó o ní kí àlejò wá wó o, wó o."

Tíṣà gba òòlù náà, ojú rẹ̀ pọ́n, bóyá omi òjò ni, bóyá òmíràn. Ó lù ú. Ọwọ́ tó ti ń di ṣọ́ọ̀kì láti ọdún gbọọrọ, kí ló mọ̀ nípa òòlù? Ẹ̀gbọ́n Alága wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Gbé e wá!" ó ní, ó gba òòlù padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ó mọ ibi tí kọnkéré ti fẹ́lẹ́, òun ló pò ó. Àwọn tó kù ń fi dígà gbẹ́ ẹ tẹ̀lé e. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń ju àwọn bíríkì sẹ́yìn bí ẹni ń ju búrẹ́dì sórí pẹpẹ. Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé Tíṣà, tó ku ilẹ̀kùn kan kó parí, wà níta nínú òjò, ó ń wú.

Nígbà tí páìpù náà já, ẹ̀rọ̀fọ̀ eruku pákó tú jáde dúdú, omi sì fà lọ pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí àgbàlagbà bá gbin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti wálẹ̀ sí kókósẹ̀ nílé keje. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó gbà. Ọmọ Télọ̀ jáde, ọmọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ ìnura gbígbẹ, ìyá náà nìkan ló ń gbọ̀n.

Alága wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri. Ó bá a níbi tí ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀, ó di ìfági rẹ̀ mọ́ra kí òjò má bàa pa á.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wọlé, òtútù á mú yín."

Ó wọlé. Ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn.

Wọn ò dìbò lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n padà jókòó sínú gáréèjì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. "Ẹ ò rí i? Ta ló ran ọmọ yẹn lọ́wọ́? Ilé iṣẹ́ ni, àbí àwa? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Alága, ẹ sọ fún wọn."

Alága dìde. Ẹnu ọ̀nà ló dojú kọ.

"Ilé iṣẹ́ ni màá dìbò fún."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "Kí lẹ wí?"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi mọ̀. Ká ní ilé ẹlòmíì ni, ọjọ́ kejì ni ǹ bá ti kọ̀wé sí i. Lọ́jọ́ òjò yẹn, àwa la gbà wọ́n là, òótọ́ ni. Àwa náà la fi wọ́n síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì tún wà lórí tábìlì nítorí pé mò ń tijú ẹnì kan." Ó yíjú sí aṣojú. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ eléyìí sínú àdéhùn: kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ kankan sí onílé, méjì nínú wa á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a, wọ́n á fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Orúkọ rẹ̀ la máa fi pè é. Kì í ṣe káfíńtà kan."

Aṣojú ní ọ̀gá òun ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Alága ní kó lọ bi ọ̀gá rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ láago níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ síwá sọ ọ́ sẹ́yìn, ọ̀gá gbà fún ọdún kan péré kí àwọn kọ́kọ́ wò ó. Wọ́n nawọ́: méjìdínlógún fẹ́, mẹ́tàlá kọ̀. Ilé kẹsàn-án ò wá. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò kí Alága títí oṣù fi parí; búrẹ́dì tó sì ń gbé síwájú rẹ̀ nígbà tó bá lọ rà á, èyí tó jóná nídìí ni.

Kí a má parọ́, ilé iṣẹ́ náà ní àléébù. Iná mẹ́ta kú lójú ọ̀nà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú òkùnkùn. Wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí Télọ̀ nítorí aṣọ tó sá síwájú ilé, Alága àti Tíṣà ló lọ bá a sọ ọ́, ó sì kó o pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n gọ́tà ẹ̀yìn ilé, oṣooṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń kó o, omi ò sì wọ yàrá ẹnikẹ́ni mọ́. Ní aago márùn-ún, Alága ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ sílé. Lákọ̀ọ́kọ́, kò mọ ohun tó máa fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ fi aago kan hàn án tó ti ń tún ṣe láti ọdún mélòó kan, tí kò sọ fún un rí.

Aṣojú yẹn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò nínú ọgbà. Lọ́jọ́ tó wá yẹ gọ́tà wò, ó fa téèpù rẹ̀ yọ níwájú ilé kẹsàn-án, ó wọn ibẹ̀, ó ṣí ìwé òfin, ó ní ààyè tó wà níwájú yìí tó ṣọ́ọ̀bù kékeré, òfin ò sì kọ̀ ọ́. Ọdún méjì ni gbogbo wọn fi ń gba iwájú ilé náà kọjá. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n Alága kọ́ ọ láàárín oṣù kan, ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí gọ́tà tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà fi ní ó ti ń ṣe àṣejù. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn fún Tíṣà, ó sì gba owó méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Alága ń kí i láràárọ̀, ó ń mirí. Oṣù mẹ́ta ń lọ sí mẹ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Òun ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn férémù tó wà lára ògiri.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Mi ò rí ìlà téèpù dáadáa mọ́," ó ní. "Mo gé pákó kan kúrú lánàá."

Alága gbé àga fún un. Ó fi férémù àyẹ̀wò sí i lójú, ó sì pààrọ̀ gíláàsì méjì, mẹ́ta. Ó ní kó ka ìlà kẹrin. Ó kà á, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Alága pààrọ̀ òmíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún un kà, ó pé.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára páálí tó ń kà.

"Mo mọ̀, sà."

"Ó yẹ kó o sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń gbẹ́lẹ̀."

"Ó yẹ kí n sọ fún yín."

Ó yọ férémù náà, ó gbé e lé tábìlì, ó nu ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ló máa ṣe tán?"

"Ọjọ́bọ̀. Màá mú un wá sílé fún yín."

"Rárá," ó ní, ó ti ń dìde. "Fi sílẹ̀. Èmi ni màá wá gbà á."